Bàbá Oníwèé Abẹ́ Bíríjì àti Ọ̀sà Tí Mo Rò Pé Mo Mọ̀

₦11,500 ni mo ná, ìwé mẹ́ta ni mo gbé bọ̀. Ọ̀kan ṣì wà nínú èèpo rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ fọ́tòkọ́pì tí wọ́n fi òwú rán lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀kẹta kò ní èèpo iwájú, kò ní tẹ̀yìn, ojú ewé 23 títí dé 26 sì ti já sọnù nínú rẹ̀. Èyí tí kò pé yìí gan-an ni mi ò lè gbé sílẹ̀ láti oṣù méjì sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ bàbá yìí, kí ẹni tó bá fẹ́ lọ ra ìwé lọ́dọ̀ rẹ̀ lè mọ irú ọjà tó ń lọ ná.

Ẹja yíyan ni mò ń tà ní Ọjà Òyìngbò, ó ti lé lọ́dún 25. Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà ni mò ń gbé, níbi tí òórùn pákó tútù Òkò Bàbá ti wọ aṣọ wa lára láti kékeré. Ọ̀sà Èkó kò ju ibi tí ọjà mi ti ń wá lọ lójú mi. Bí omi bá dára, ọ̀bọ̀kún á pọ̀, ẹ̀pìyà á pọ̀, owó á wọlé. Bí ewé omi bá bo ojú rẹ̀ nígbà òjò, àwọn apẹja á ní àwọ̀n àwọn há, ọkọ̀ àwọn ò ríbi gbà, owó ẹja á sì gbẹ́nu sókè. Ta ló ń béèrè ìtàn ìdílé lọ́wọ́ ọjà? Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni bàbá tó bí mi. Alaalẹ́ ló máa ń ní ká ka Bíbélì sókè, kó lè gbọ́ ibi tí a ti gbé ohùn sókè lódì. Nítorí náà, ìwé Yorùbá kì í bà mí lẹ́rù, ì báà jẹ́ èyí tí kò ní àmì kankan lórí.

Ìwé iléèwé ọmọ ọmọ mi ni mo bá lọ sọ́dọ̀ bàbá náà, kì í ṣe ìtàn. Abẹ́ bíríjì kan ní apá Yàbá ló pàtẹ sí. Níwájú, ìbéèrè JAMB àtẹ̀yìnwá ló tò síbẹ̀, àti àwọn ìwé ìfẹ́ òyìnbó tí obìnrin orí èèpo wọn máa ń fẹ́ dákú sọ́wọ́ ọkùnrin. Lẹ́yìn, lábẹ́ tapólì aláwọ̀ búlúù, páálí Indomie mẹ́jọ wà níbẹ̀ tó fi okùn dì pinpin. Òórùn káfúrà ń jáde lára wọn. Mo nawọ́ sí ọ̀kan.

"Ìyá," bàbá ní, "bébà tí ẹ ó fi di ẹja wà níwájú. Kílò la fi ń tà á."

Mo wo ọwọ́ mi. Ìpẹ́ ẹja kan ṣì lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ èékánná mi.

"Bàbá, ta ló sọ fún yín pé mo fẹ́ di ẹja?"

"Ẹ má bínú. Àwọn tó ń di ẹ̀pà àti àwọn tó ń di ẹja, àwọn ló ń run ìwé ní ìlú yìí ju ikán lọ."

Mi ò lè bá a jiyàn. Gbogbo bébà tí mo ti fi di ẹja láti ọdún wọ̀nyí wá, mi ò wo ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀kan rí. Bàbá mú ìwé kan, ó ṣí i sáàárín, ó ní kí n ka ìlà kan fún òun. Bí ọmọ pírámárì ni mo ṣe dúró kà á lójú pópó. Ó gbọ́ ọ tán, ó béèrè ọmọ ibo ni mí. Mo ní ọmọ Èpẹ́ ni ìyá mi.

"Èpẹ́ wo? Ìjẹ̀bú Èpẹ́ ni àbí Èkó Èpẹ́?"

"Èkó Èpẹ́ ni."

Ó tú okùn páálí kẹta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa ọjà báyìí. Ìwé àkọ́kọ́ ni ti John B. Losi lórí ìtàn Èkó. Yorùbá ló kọ́kọ́ fi gbé e jáde ní 1913, ó sì jáde ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1914. Èyí tí mo rà jẹ́ àtúntẹ̀ 1967, lédè Gẹ̀ẹ́sì. ₦6,000. Bébà rẹ̀ ti pọ́n bí ọsàn àgbálùmọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ewé tó já. Mo bá bàbá ná an títí, kò yọ kọ́bọ̀ kúrò. Fọ́tòkọ́pì náà jẹ́ ₦3,000, mo máa tó dé orí rẹ̀. Èyí tí kò ní èèpo ni ₦2,500. Kò sí orúkọ ẹni tó kọ ọ́, kò sí ọdún, kò sí ilé ìtẹ̀wé. Èdè Yorùbá ni, ìkọ̀wé àtijọ́ tí wọ́n máa ń kọ "aiye" àti "enia". Ohun tó sì mú mi san owó rẹ̀ ni pé ẹnì kan ti fi pẹ́ńsùlù bá ẹni tó kọ ìwé náà jà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Bí àpẹẹrẹ, ìtàn àwo Olófin. Ẹni tó bá jẹ́ Àwórì ti gbọ́ ọ rí, àmọ́ èmi gbọ́ ọ ní ìdajì-ìdajì ni. Ohun tí ìwé náà sọ ni pé nígbà tí Olófin ń kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, Odùduwà fún un ní àwo kan, ó ní kó gbé e sójú omi, kó máa tẹ̀ lé e, ibi tí ó bá rì sí ni kó tẹ̀dó sí. Àwo ń lọ lójú omi, Olófin àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ó dé Olókèméjì, ó dúró fún ọjọ́ 17. Ó tún gbéra. Ó dé Òkè-Àta ní apá Abẹ́òkúta, ó tún dúró fún ọjọ́ 17. Nígbà tó dé Ìṣẹrì, kò mira mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé. Ọjọ́ 289 pé, ni àwo bá tún ṣí. Nígbà tó dé Ìdúmọ̀tà, ó fi òòyì kọ́ lójú omi, ó sì rì. Nígbà tí wọ́n béèrè àwo lọ́wọ́ Olófin, ó ní, "Àwo ti rì." Wọ́n ní ibẹ̀ ni orúkọ Àwórì ti wá.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ 289 yẹn, oní-pẹ́ńsùlù ti ṣe ìsirò: 17 lórí 17, ó fà á nílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa ní sítáńdáàdì fọ́ọ̀, 119, lẹ́yìn náà 170, àròpọ̀ rẹ̀ 289, ó sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹni yẹn kò gbà fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó kà á fúnra rẹ̀. Mo fọkàn tán an láti ìgbà yẹn lọ. Ibi tí ìwé ti pe Ìdúmọ̀tà, ó fa ìlà pupa sí i, ó kọ ọ́ gàdàgbà: "Rárá o! Ìṣẹrì ló rì sí." Àwọn tó ń sọ ti Ìṣẹrì pọ̀ lóòótọ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì parí láàárín àwọn àgbà. Èmi ò dá sí i. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò ná: láti ìgbà tí wọ́n ti ń pọ̀n mí ni mo ti ń gba Ìdúmọ̀tà kọjá, mo ti fi ẹsẹ̀ ta lu ìdí gbogbo àgbá tó wà níbẹ̀, mi ò mọ̀ pé àwọn kan gbà pé àwo baba ńlá ìlú wà lábẹ́ rẹ̀.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni ti Arómirẹ́, ọmọ Olófin, ẹni tó rí omi bá rẹ́ gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀. Ìdó ni bàbá rẹ̀ wà. Òun ló wẹ̀ kọjá sí erékùṣù tí a ń pè ní Ìsàlẹ̀ Èkó lónìí, ó ń pẹja níbẹ̀, ó sì dá oko ata síbẹ̀. Orí ilẹ̀ oko ata yẹn ni ààfin Ọba Èkó wà dòní, Ìgà Ìdúngánràn. Ó wù mí púpọ̀. Ẹni tó ń pẹja, tó sì ń gbin ata, kí ló tún kù tí a máa fi se ọbẹ̀? Ẹni tó máa kọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí àwọn ọba ń jókòó lé lórí, aládùúgbò mi nídìí iṣẹ́ ni.

Fọ́tòkọ́pì ló kàn. Ìwé òyìnbó ni, A. B. Ellis, ọ̀gágun kan tó tẹ ìwé jáde lórí àwa Yorùbá ní 1894. Gbogbo ìwé náà kọ́ ni bàbá dà kọ, orí tó dá lórí àwọn òrìṣà nìkan ni. Inki fọ́tòkọ́pì náà máa ń dúdú síni lọ́wọ́, ẹ má kà á lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo fẹ́ gbé e jù sílẹ̀ nígbà tí mo kà á dé ibi Olósà.

Kí n tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún bíi mẹ́jọ, tí ìyá mi bá gbé wa wọ ọkọ̀ láti Èpẹ́, kì í pe ọ̀nì ní ọ̀nì lójú omi. "Ìránṣẹ́" ló máa ń pè é. "Ẹ má na ọwọ́ sómi o, ìránṣẹ́ lè máa kọjá." Ìyá mi yìí ń kírun márùn-ún lójúmọ́, kì í sì í fẹ́ gbọ́ orúkọ òrìṣà. Mo rò pé ọgbọ́n tó fi ń dẹ́rù ba àwa ọmọ ni. Ó ti kú ní ọdún 12 sẹ́yìn, mi ò sì bi í léèrè rí pé ìránṣẹ́ ta ni.

Ellis ló dá mi lóhùn. Ó ní Olósà ni òrìṣà tó ni ọ̀sà Èkó, ìyàwó àgbà Olókun sì ni, irun rẹ̀ gùn bíi ti ọkọ rẹ̀. Ó ní òun ló ń fún àwọn tó ń sìn ín lẹ́ja, pé bí òjò bá kún ọ̀sà tí omi fi bo bèbè, inú ló ń bí i. Ó wá ní àwọn ọ̀nì ni ìránṣẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pa wọ́n lára, àwọn ló ń gbé ẹbọ tí wọ́n bá fi sí etí omi lọ fún un. Àwọn aborẹ̀ a máa fi àmì ara dá àwọn kan mọ̀ nínú wọn, wọ́n á ṣe ahéré tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò fún wọn létí omi, wọ́n á sì máa gbé oúnjẹ fún wọn ní gbogbo ọjọ́ karùn-ún, ìyẹn ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa. Ó ní àwọn mìíràn mọ àwọn olùsìn débi pé bí wọ́n bá ti gbọ́ ariwo wọn ní bèbè, wọ́n á ti máa wẹ̀ bọ̀.

Mo ka ojú ewé yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹja wà lórí ààrò, mi ò gbọ́ òórùn rẹ̀ títí ó fi jó. Iye ẹja tó jó lọ́jọ́ náà ju owó ìwé lọ, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ka ìyẹn mọ́ bàbá lọ́rùn.

Kì í ṣe pé mo gba gbogbo ọ̀rọ̀ Ellis gbọ́ o. Púpọ̀ nínú ohun tó kọ nípa òrìṣà, ọ̀dọ̀ fadá Faransé kan, Noël Baudin, ló ti mú un, ẹni tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1884. Níbẹ̀ náà ni ìtàn kan wà pé Yemọja ń sá lọ, ó ṣubú, omi ya jáde láti ọmú rẹ̀ méjèèjì, omi méjì náà pàdé, ó di ọ̀sà, inú rẹ̀ sì bẹ́, àwọn òrìṣà bíi Ṣàngó, Ògún, Ọya, Ọ̀ṣun, Olókun àti Olósà fúnra rẹ̀ ti ibẹ̀ jáde. Ìtàn tó gbọ́gbọ́n ni. Mo bi àwọn àgbà mẹ́ta tí mo mọ̀ pé ẹnu wọn kì í gbẹ, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ rí nínú wọn. Ọ̀kan tiẹ̀ ní Olókun tí òun mọ̀, obìnrin ni, báwo ló ṣe wá fẹ́yàwó? Nítorí náà, bí ẹ bá ra fọ́tòkọ́pì yìí, ẹ fi ojú méjì kà á. Ṣùgbọ́n ti ọ̀nì yẹn, ìyá mi kò ka ìwé òyìnbó kankan rí, ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu. Mo gbà á.

Àbùkù ọjà ló kù. Ìwé tí kò ní èèpo bọ́ sórí ogun, ó sì dùn. Ó sọ bí Kòsọ́kọ́ tó fẹ́ gba oyè Ọba Èkó àti Akítóyè tó wà lórí oyè náà ṣe wọ̀yá ìjà ní oṣù Keje 1845, fún bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n há àwọn èèyàn Akítóyè mọ́ tí wọn ò rí omi dídùn mu, omi oníyọ̀ ni wọ́n ń pọn mu. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ogun Olómirò. Mo ti gbọ́ orúkọ ogun yẹn lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ìlù, mo rò pé oríkì ẹnì kan ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, oní-pẹ́ńsùlù kọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: "Ìyá ìyá bàbá mi mu nínú rẹ̀. Ó ní bí omi ojú ló ṣe rí lẹ́nu." Gbólóhùn méjì péré. Mi ò rí i nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ kankan.

Òṣòdì Tápà, balógun Kòsọ́kọ́ fúnra rẹ̀, ló yà fún Akítóyè kó lè sá gba omi Àgbóyì lọ. Ó gba ibẹ̀ dé Abẹ́òkúta. Gbogbo èyí, ojú omi ni. Mo wá ń rí i pé gbogbo ọ̀nà tí mo mọ̀ sí ọ̀nà ẹja, ọ̀nà tí àwọn ọba ń sá gbà ni. Mo ṣí ojú ewé 22 sí òdìkejì, ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, torí mo mọ̀ pé Kòsọ́kọ́ máa tó dé Èpẹ́. Ojú ewé 27 ni mo bá pàdé. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa owó orí.

Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ti ìgbá ẹja sílẹ̀ fún ọmọ tó ń bá mi tajà, mo kọrí sí abẹ́ bíríjì.

"Bàbá, ìwé yín ò pé."

"Bí mo ṣe rà á ni mo ṣe tà á, Ìyá Ẹlẹ́ja."

"Bí mo bá ta ẹja tí kò ní ìdí fún yín ńkọ́?"

Ó wò mí. Ó ní, "Èwo ló sọnù níbẹ̀?" Mo ní ibi tí Kòsọ́kọ́ ti kọjá sí Èpẹ́ ni. Ó kùn hùn-ún, ó mú fóònù, ó pe ẹnì kan ní Ìbàdàn. Wọ́n sọ̀rọ̀ ṣá, èmi ń gbọ́ "aláìléèpo", "èyí tí Alhaji kò tà". Ó ní kí n máa lọ, kí n fi nọ́ńbà mi sílẹ̀. Mo ti mọ irú "ẹ fi nọ́ńbà sílẹ̀" yẹn. Mo fi ìbínú sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án, WhatsApp mi dún. Fọ́tò mẹ́rin. Ojú ewé 23, 24, 25, 26. Ẹni tó ya fọ́tò náà ní Ìbàdàn fi àtàǹpàkò bo ìlà tó kẹ́yìn ojú ewé 25, èyí tó ṣe 26 sì mì díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣeé kà. Bàbá kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Kò tiẹ̀ kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀.

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí. Ọjọ́ 26 sí 28 oṣù Kejìlá 1851, àwọn ọkọ̀ ogun òyìnbó yìnbọn lu Èkó láti lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè. Agídìngbì ni wọ́n pe ogun náà, nítorí ìró àgbá. Kòsọ́kọ́ kó àwọn èèyàn rẹ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n gba orí ọ̀sà lọ sí Èpẹ́. Ibẹ̀ ló wà tó ń ṣọba lọ́wọ́ ara rẹ̀, títí òyìnbó fi bá a tọwọ́ bọ̀wé ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1854. Èkó ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba òyìnbó ní 1861 kí wọ́n tó jẹ́ kó padà wálé ní 1862. Òṣòdì Tápà bá a padà, àdúgbò tí wọ́n fún òun àti àwọn èrò rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó lónìí. Àwọn tí kò padà ló di Èkó Èpẹ́.

Àwọn tí kò padà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi á wà ní Èpẹ́ lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, á ní "ọmọ Èkó ni mí." Àwa ọmọ á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Èkó wo? Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ Ọjà Balógun!" Kò dá wa lóhùn rí. Á kàn máa yí ẹja lórí ààrò.

Mo wá di ìwé náà sínú ọ̀rá méjì, mo wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀bútẹ́ Èrò lọ sí Ìkòròdú. Mi ò ní ohun tí mo fẹ́ ṣe ní Ìkòròdú. Mo kàn fẹ́ ka ojú ewé 23 lójú omi tó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ni. Wọ́n so líìfù jákẹ́ẹ̀tì mọ́ mi láyà, ó ń rùn bí àwọ̀n tí òjò pa. Bíríjì Third Mainland tí wọ́n ṣí ní 1990 nà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bí okùn aṣọ sísá. Àwọn tó ń wa yanrìn ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ tó kún dé ẹnu, ìgbòkun alábùlẹ̀ lórí rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó tì mí ní, "Màmá, ẹ kú ìwé kíkà o. Kí lẹ̀ ń kà?" Mo ní ìtàn omi tó gbé wa lọ yìí ni. Ó ní, "Omi ní ìtàn?" Mo sọ fún un pé orúkọ tí òyìnbó pe ìlú wa gan-an, ara omi ni àwọn kan gbà pé wọ́n ti yọ ọ́: àwọn Potogí dé etíkun yìí ní 1472, wọ́n pe omi ibẹ̀ ní Lago de Curamo, "lago" sì ni adágún lédè wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn ní ìlú kan ní Potogí ni wọ́n fi sọ ọ́. Ó ní, "Ṣé Kuramo tó wà ní Victoria Island náà ni?" Mo ní òun ni. Ó yọ fóònù, mo rò pé ó fẹ́ wò ó bóyá irọ́ ni mò ń pa. Selfie ló fi yà.

Ó tó báyìí, ẹ jẹ́ ká sọ ti ìdíwọ̀n. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún bàbá. Mo yọ ọ̀kan nítorí pé ẹni tó ń tà kò ka ojú ewé kó tó tà, ìyẹn kò dára, ká má tan ara wa. Owó rẹ̀ wọ́n díẹ̀ fún ohun tí kò ní èèpo. Kì í fún èèyàn ní rìsíìtì. Ó sì ní ẹ̀mí àdánwò yẹn, kí wọ́n máa ní kí àgbàlagbà kàwé lójú pópó. Ẹni tójú bá ń tì kó má lọ.

Ohun tó dára: ó mọ ọjà rẹ̀ ju bí ó ṣe ń fi hàn lọ. Ó mọ ẹni tó ní ẹ̀dà mìíràn ní Ìbàdàn. Ó ń fi káfúrà lé ikán, nígbà òjò ó máa ń gbé páálí sórí bẹ́ńṣì, mo ti rí i. Bí ẹ bá fẹ́ ìwé lórí Èkó, Àgbádárìgì tàbí Èpẹ́, páálí kẹta ni. Páálí karùn-ún jẹ́ ti Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́. Mi ò tíì mọ ohun tó wà nínú ìkẹjọ, kò jẹ́ kí n tú u. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ló dára jù, kí àwọn ọmọ JAMB tó kún ibẹ̀. Owó ni kí ẹ mú dání, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára lábẹ́ bíríjì yẹn, ẹ lè dúró fún wákàtí kan kí álẹ́ẹ̀tì tó wọlé.

Mo ti ra pẹ́ńsùlù. Lábẹ́ gbólóhùn omi ojú yẹn, mo ti kọ tèmi sí i nípa ìránṣẹ́, mo fi déètì sí i. Mo sì ti ní kí bàbá bá mi béèrè ní Ìbàdàn ohun tó wà lábẹ́ àtàǹpàkò yẹn. Ó ní òun máa béèrè. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó dá mi lóhùn, ẹ bá mi rán an létí. Kí ẹ sì fọ ọwọ́ yín dáadáa kí ẹ tó lọ.